Lẹ́tà Méjì ní Ọjọ́ Kan Ṣoṣo

Nínú agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn wọn ní Kìṣí, lẹ́tà méjì wà níbẹ̀ tí ọjọ́ kan náà wà lórí méjèèjì. Àkọ́kọ́ sọ pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní Èkó kò ní nílò wọn mọ́. Èkejì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má tíì lọ. Ọ̀gá kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n, mo rò pé àṣìṣe ni. Mo ní, "Bàbá Èkó, èwo nínú méjèèjì ni ẹ tẹ̀ lé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Méjèèjì ni. Wọ́n lé mi, mo sì dúró."

Gbogbo agboolé wa ló ń pè wọ́n ní Bàbá Èkó, nítorí pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé. Ìdí bọ́ílà ni wọ́n wà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di oru gbígbóná fún àwọn ẹ̀rọ yòókù, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ àti ìpara. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀: ilé-iṣẹ́ á ní òun kò fọwọ́ ara òun ṣe ọjà mọ́, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, tàbí kí òun máa kó ọjà náà wọlé láti òkè òkun. Ìròyìn bí ilé-iṣẹ́ ṣe tì la sábà máa ń gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín ni àwọn oṣù tó wà láàárín ìkéde àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn tì, nígbà tí àwọn tí a ti lé ṣì wà nídìí ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá mọ Kìṣí lè béèrè pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́. Ìkángun àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀, níbi tí ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Kwara. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gúsí ni wọ́n mọ̀ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n Òkè-Ògùn ti mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń gbé iṣẹ́ fún ará ìta kí a tó bí Bàbá Èkó rárá. Láti 1937 ni ilé-iṣẹ́ sìgá ti wà ní Ìbàdàn, èyí tí a wá mọ̀ sí Nigerian Tobacco Company lẹ́yìn náà. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn wà lára àwọn tó ń gbin tábà fún un lórí ilẹ̀ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ á rán ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sí wọn, á sì wá ra ewé nígbà ìkórè. Àgbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́: kò sí owó oṣù, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Bí ilé-iṣẹ́ bá dín ewé tó ń rà kù, kò sí lẹ́tà ìdádúró tí ẹnikẹ́ni máa gbà. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ náà di ọ̀kan pẹ̀lú British American Tobacco, wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn ní 2003. N kò sọ èyí láti yin sìgá o, kí àwọn olùkọ́ mi má bàa bínú. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí kò gba lẹ́tà kankan rí, kò ní ẹ̀rí kankan tó lè fi jà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ owó oṣù ló lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà kí òmìnira tó dé, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni Dunlop ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí Michelin náà sì ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Ó ju ogójì ọdún lọ tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì fi ń ṣe táyà ní Nàìjíríà. Mo máa ń rò ó pé nínú àwọn ọkọ̀ tó kó iṣu Kìṣí lọ sí Bódìjà láyé ìgbà náà, púpọ̀ ni yóò ti sáré lórí táyà tí ọmọ Nàìjíríà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba dín owó tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà lórí táyà tó ń wọlé kù, láti ìdá 40 nínú 100 sí ìdá 10. Fún ẹni tó ń kó táyà wọlé, ayọ̀ ni. Fún ẹni tó ń ṣe é níhìn-ín, tó ń fi jẹnẹrétọ̀ rọ́pò iná mànàmáná tí kò dúró, tó sì ń ra epo sí i lójoojúmọ́, ikú ni. Michelin dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop gbìyànjú díẹ̀ sí i, òun náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Síbẹ̀ orúkọ Dunlop kò parẹ́ lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ náà yí padà, ó di ẹni tó ń kó táyà wọlé láti tà. Orúkọ dúró, ọwọ́ ló yí padà. Igi rọ́bà ṣì ń bẹ ní Ẹdó, Dẹ́ltà àti Òǹdó títí di òní, omi rọ́bà á kúrò nílẹ̀ wa, táyà á sì padà dé nínú ọkọ̀ ojú omi.

Kò tán síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline, tí a ń pè ní GSK, ti wà ní Nàìjíríà láti 1972, orúkọ Beecham ló kọ́kọ́ jẹ́. Òun ló ń ṣe Lucozade àti Ribena ní Àgbárá, Ìpínlẹ̀ Ògùn, títí di 2016 tó ta iṣẹ́ ohun mímu náà fún Suntory ti ilẹ̀ Japan. Nígbà tó yá, ó bá Fidson, ilé-iṣẹ́ oògùn ọmọ Nàìjíríà, ṣe àdéhùn pé kó máa bá òun ṣe lára àwọn ọjà òun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́ pátápátá, àwọn mìíràn ni yóò máa bá òun pín oògùn òun. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Procter & Gamble, tó ń ṣe Ariel àti Pampers, ní òun náà kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, òun yóò máa kó o wọlé ni.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ parí lọ́jọ́ ìkéde kò tíì ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ rí. Bàbá Èkó ní àwọn kò ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí bí èyí tí àwọn ṣe lẹ́yìn tí àwọn gba lẹ́tà. Ó yé mi nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Ọjà kò gbọdọ̀ tán lórí igbá kí agbaṣẹ́ṣe tuntun tó mọ iṣẹ́ náà, nítorí náà ilé-iṣẹ́ àtijọ́ á máa ṣe ọjà tọ̀sán-tòru láti fi kún yàrá ìkẹ́rùsí. Bó bá jẹ́ oògùn, oúnjẹ tàbí ìpara ni, NAFDAC gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ti yí padà, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kan. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá kò sọ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé bọ́ílà àwọn Bàbá Èkó máa ń kùn bí oyin ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wàhálà tó dé, tàbí pé ẹnu páìpù kan wà tí a gbọ́dọ̀ yí kọjá àmì tí wọ́n fà sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Lásìkò tí ilé-iṣẹ́ nílò òṣìṣẹ́ rẹ̀ jù lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé òun kò nílò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wá iṣẹ́ mìíràn kiri, àwọn tó sì mọṣẹ́ jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí. Àwọn tó ń ṣẹ́kù ni àgbàlagbà tí ẹlòmíràn kò fẹ́ gbà, àti àwọn tí owó wọn há sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́.

Mo lọ wo ohun tí òfin wa sọ. Òfin Iṣẹ́ tí à ń lò ní Nàìjíríà ti wà láti 1974, nígbà ìjọba ológun. Ẹ̀ka ogún rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kò nílò mọ́. Ó ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí ènìyàn ṣe ṣe é gbára lé. Ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn jíròrò lórí owó ìkúrò-lẹ́nu-iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kó sa ipá rẹ̀ láti jíròrò. Òfin kò sọ iye. Ẹ̀ka kọkànlá sọ bí àkókò tí wọ́n máa fi kìlọ̀ fúnni ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ńkọ́? Oṣù kan náà ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1965 ni òfin ti wà tó ní kí wọ́n fi iye ọdún tí òṣìṣẹ́ lò ṣírò owó tí wọ́n máa fún un bí iṣẹ́ rẹ̀ bá parẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1988 ní ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kéde ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú kó tó tì. N kò sọ pé ilẹ̀ àwọn dára jù tiwa. Àwọn náà ti ti ilé-iṣẹ́ púpọ̀, àwọn ìlú kan níbẹ̀ kò sì tíì gbádùn. Ṣùgbọ́n bí iye bá ti wà nínú òfin, òṣìṣẹ́ lè jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láìbẹ̀rù pé ọ̀gá máa gbé àpò sá lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ọwọ́ tú ká hàn ní Kàdúná. Ilé-iṣẹ́ aṣọ United Nigerian Textiles, tó ti wà láti 1964, tì ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ kò yé pariwo, ìjọba sì ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ Bank of Industry láti fi ran àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́. Ní ìparí ọdún 2010, ilẹ̀kùn tún ṣí. Àwọn tó rí iṣẹ́ níbẹ̀ kò tó ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta sì ti kọjá láàárín, ọmọ kò lè fi ọdún mẹ́ta jókòó de owó ilé-ìwé. Ẹni tó bá ti di ọlọ́kadà tàbí tó ti padà sóko, ó ti lọ nìyẹn, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ sì bá a lọ. Owó lè tún ẹ̀rọ ṣe láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà ni kò ṣe é rà padà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí agolo. Lẹ́tà kejì tí Bàbá Èkó gbà ní kí wọ́n dúró fún oṣù mẹ́rin, títí agbaṣẹ́ṣe tuntun yóò fi lè dá dúró. Nípa owó, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí wọ́n bá dúró, ilé-iṣẹ́ á ro tiwọn. Inú àwọn ará ìdí bọ́ílà ti dùn, wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Obìnrin kan láti ẹ̀ka ìdìpọ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ló dá wọn dúró. Ó ní, "'A ó ro tiyín' kì í ṣe owó. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye."

Wọ́n dá lẹ́tà náà padà. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà kan náà pẹ̀lú bírò, ó fọwọ́ sí i, ó sì lu òǹtẹ̀. Mo ti kà á débi pé mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Ìdajì owó ìkúrò-lẹ́nu-iṣẹ́ kí oṣù kejì tó parí. Àfikún owó oṣù méjì fún ẹni tó bá dúró dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti fi wá iṣẹ́ mìíràn, láìyọ owó kankan. Ìwé ẹ̀rí tó sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe. Lójú tèmi, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn ló gbọ́n jù, nítorí pé ẹni tó ní ọjọ́ tirẹ̀ kò ní máa purọ́ àìsàn láti lọ wáṣẹ́.

Àwọn tó ń po àwọ̀ ọṣẹ kò dá lẹ́tà tiwọn padà. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò pẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì nínú wọn ti rí iṣẹ́ síbòmíràn, wọ́n sì lọ láìdágbére. Bàbá Èkó ní fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọṣẹ tó yẹ kó pupa ń jáde bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sílé ọ̀kan nínú wọn ní Agége láti bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ọkùnrin náà fún un lómi mu, ó ní ọkọ òun ti lọ síbi iṣẹ́.

Kò rọrùn fún àwọn tó dúró náà. Ìyàwó Bàbá Èkó kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹnì kan tó ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ti ní kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì kọ̀ ọ́ nítorí ìwé tí wọ́n fi bírò kọ. Ìdajì owó dé lásìkò. Owó oṣù méjì náà dé, ó pé, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ló fi pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ mọ́tò láti Kìṣí lọ sí Èkó láti béèrè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn ló máa ń mú ẹ̀dà lẹ́tà dání.

Ohun tó dun Bàbá Èkó jù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Agbaṣẹ́ṣe rán ọmọkùnrin mẹ́ta sí wọn láti wá kọ́ṣẹ́ bọ́ílà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbọ́ pé owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ náà ń gbà kò tó ìdajì tiwọn, àti pé kò sí owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé kò ṣe wọ́n bíi kí wọ́n fi nǹkan pamọ́, kí wọ́n má kọ́ wọn tán. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ílà kì í ṣe ọṣẹ. Bí n kò bá kọ́ wọn tán, ó lè pa wọ́n. Iṣẹ́ ni mo kọ́ wọn, èmi kọ́ ni mo dá owó wọn." Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. N kò tíì mọ̀ bóyá ó tó láti fi dáhùn ìbéèrè mi, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó dára jù ú lọ.

Owó yẹn ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọ̀ tó wà lẹ́bàá ilé wa báyìí, tó ń lọ ẹ̀lùbọ́ àti àgbàdo fún gbogbo àdúgbò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà ṣì máa ń pè wọ́n lórí fóònù. Ní oṣù tó kọjá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó pè. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó gbé abọ́ iṣu gbígbẹ dání ń dúró de ìlọ̀. Bàbá Èkó wo fóònù, wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Wọ́n ní, "Gbé e sún mọ́ ọn. Sún mọ́ ọn sí i." Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ń fetí sí bọ́ílà kan tó ń kùn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.